Ohun Tí Fèrè Kọ́ Mi Nípa Ohùn Títẹnumọ́ àti Ohùn Jíjá

Kọ àmì >, àmì títẹnumọ́ tí wọ́n ń pè ní accent, sórí nóòtì kan, kí o gbé ìwé orin náà síwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ trumpet. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú, á fi ẹnu fèrè tẹ ètè mọ́ eyín, á sì fun ún bí ẹni tó ń pariwo olè. Nóòtì náà á dún lóòótọ́. Àmọ́ á fọ́, ohùn rẹ̀ á gòkè ju ibi tó yẹ lọ, àwọn nóòtì tó tẹ̀ lé e kò sì ní dáa mọ́, nítorí èémí ti tán nínú ọmọ náà. Mo ti gbọ́ èyí léraléra nínú ẹgbẹ́ akọrin tí mo ti ń kọ́ni ní Èkó, ẹ̀bi ọmọ kọ́ sì ni. Wọ́n ti sọ fún un pé accent ni kó fun nóòtì kó le. Ibẹ̀ ni ẹni tó sọ fún un dúró sí, kò sọ èyí tó kù.

Èyí tó kù yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, torí pé ó gba mí lákòókò kí n tó mọ̀ ọ́n, ó sì wù mí kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nóòtì tí a bá fẹ́ kí etí dá mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun méjì ló ń gbé e jáde: àyè tí a fi sílẹ̀ kó tó dún, àti afẹ́fẹ́ tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Agbára wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun ló kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi kọ́ ọmọ ní accent kó tó mọ bí a ṣe ń ja ohùn, ìyẹn staccato. Ẹni tí kò bá lè dá nóòtì méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè tẹnu mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Staccato ni kókó kékeré tí wọ́n máa ń fi sórí nóòtì tàbí sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a gé nóòtì náà kúrú, lọ́pọ̀ ìgbà sí bí ìdajì iye rẹ̀. Bí mẹtronóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, bá wà ní 60, ìyẹn ọgọ́ta bíìtì ní ìṣẹ́jú kan, crotchet kan, nóòtì tó gba bíìtì kan, á gba ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fi staccato sí i: ohùn á gba ìdajì, ìdákẹ́ á gba ìdajì tó kù. Bí kókó náà bá gùn tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n fẹ́ kó tún kúrú sí i nìyẹn. Bí kókó bá wà lábẹ́ ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ tó so àwọn nóòtì pọ̀, ká kàn yà wọ́n díẹ̀ ni, kí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé. Èyí tí mi ò rí nínú ìwé, àfi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíràn, ni pé iṣẹ́ wà nínú ìdajì tó dákẹ́ yẹn. Olórin gbọ́dọ̀ ka ìdákẹ́ bó ṣe ń ka ohùn. Ọmọ tí kò bá kà á, á sáré. Mo lè di ojú mi níwájú ẹgbẹ́ tó ń fun staccato, kí n sì mọ ìgbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ìdákẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kúrú. Ohùn á ṣì wà bó ṣe wà. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé fèrè sẹ́nu rárá, mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹnu kọ ọ́: "tú" síta fún ohùn, "hìn" nínú ọkàn fún ìdákẹ́. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí tí kò yà kúrò lára mẹtronóòmù, fèrè náà á tẹ̀ lé ẹnu.

Inú bándì Boys' Brigade ni mo ti bá ọ̀gá tó kọ́ mi pàdé. Ẹgbẹ́ yẹn ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, ọ̀pọ̀ afunfèrè tí ẹ ń rí, yálà wọ́n ń fun nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá, nínú irú bándì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ di fèrè mú. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ya bébà pélébé kan láti inú ìwé ìkọ̀wé, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó gbé e mọ́ ara ògiri ní ìwọ̀n ẹnu mi, ó ní, "Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Mo fẹ́ yọwọ́. Kò gbọdọ̀ jábọ́." Ó yọwọ́, bébà dúró. Ó ní, "Ó dáa. Máa pe tú-tú-tú báyìí, kó má jábọ́."

Ẹ dán an wò nílé, ẹ̀yin náà á rí i. Bí ahọ́n bá ń dí afẹ́fẹ́ pa, bébà á wálẹ̀ ní kíá. Bí ahọ́n bá kàn ń yà sójú afẹ́fẹ́ fẹ̀rẹ̀, tó sì ń yẹ̀ kúrò, bébà á máa gbọ̀n ṣùgbọ́n kò ní kúrò lára ògiri. Mo ní, "Ó ti yé mi, sà." Bàbá ní, "Kò tíì yé ọ. Máa ṣe é lọ, títí á fi yé ikùn rẹ."

Ikùn ló wí, kì í ṣe orí. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró tí ikùn ń tì jáde ló ń fun fèrè. Nígbà tí a bá pe "tú", orí ahọ́n á fara kan ẹ̀yìn eyín òkè, afẹ́fẹ́ á dúró dè é, ahọ́n á sì fà sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ahọ́n kò lu ohunkóhun. Yíyẹ̀ tó yẹ̀ kúrò lọ́nà ni ohùn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ahọ́n ló ń lu nóòtì á máa fi ahọ́n gbá ẹ̀yìn eyín, ohùn "tìà" kan báyìí á máa ṣáájú nóòtì, bí ẹni pé omi wà nínú fèrè. Mo rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n tún ṣọ́ òpin nóòtì. Nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ọ̀kẹ́sítírà, afẹ́fẹ́ ni kó parí staccato, kí ahọ́n má padà wá dí i. "Tú" ni, kì í ṣe "tút". Iyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn, ọ̀kan ń dún bí agogo tí wọ́n lù tó ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, èkejì dá gáú.

Ọ̀rọ̀ ìró ẹnu yìí ti pẹ́ nílé ayé fèrè. Johann Joachim Quantz, ẹni tó ń fun flute lọ́dọ̀ Frederick ọba Prussia, tẹ ìwé ìkọ́ni kan jáde ní 1752, ó sì to àwọn ìró tí ahọ́n máa pe síbẹ̀: "ti" fún èyí tó mú, "di" fún èyí tó rọ̀. Ní ti trumpet àti cornet, Jean-Baptiste Arban, ará Faransé tó kọ́ni ní Conservatoire ní Paris, gbé tirẹ̀ jáde ní 1864, òun sì ni a ṣì ń lò títí dòní. Fọ́tókọ́pì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya ni èmi fi kọ́ ọ. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí "tu-ku-tu-ku" fún nóòtì tó ń yára jù fún ahọ́n nìkan, níbi tí ẹ̀yìn ahọ́n á ti máa pe "ku" nígbà tí iwájú rẹ̀ bá ń sinmi.

Níbí ni mo ti kíyè sí ohun kan tí ìwé Arban kò lè bá wa sọ, torí pé kò kọ ọ́ fún Yorùbá. Bí o bá ní kí ọmọ wa pe "tu-ku-tu-ku", "tú-kù-tú-kù" ló máa pè. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ṣe rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu nìyẹn. Ní gbogbo àgbáyé, "ku" ló máa ń rẹ̀ jù nínú méjèèjì. Bí ọmọ bá tún wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, á rẹ̀ débi pé nóòtì kejì kò ní dún mọ́. Mo wá ń ní kí wọ́n pe méjèèjì lóhùn òkè, tú-kú-tú-kú, kí wọ́n sì tún yí i padà, kí "kú" ṣáájú: kú-tú-kú-tú. Ó máa ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ọmọ tó ń jà fún nóòtì kejì láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yìí tú u sílẹ̀ ní ìjókòó kan.

Fóònù náà ti ràn wá lọ́wọ́. Mo máa ń gba ohùn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú áàpù tó ń ya bí ohùn ṣe rí sójú fóònù, a ó sì jọ fà á tóbi. Nóòtì tí wọ́n fi ahọ́n gbá ga fíofío níwájú, ó sì wó lulẹ̀ lójú kan náà. Nóòtì tí afẹ́fẹ́ gbé dúró déédéé, iwájú rẹ̀ mọ́, ó sì rọra parí. Láàárín nóòtì kan àti èkejì, ó yẹ kí ojú ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ tí kò gbà lẹ́nu mi pé òun ń so nóòtì pọ̀, á gbà lójú fóònù.

Ẹni tó wá là mí lójú jù lọ lórí accent kì í fun fèrè. Atẹdùùrù ni, ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń tẹ dùùrù onípáìpù. Kò sí bó o ṣe lè fi agbára tẹnu mọ́ nóòtì lórí irú dùùrù yẹn. Fi ìka tẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́, fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, ariwo tí páìpù á pa kò yàtọ̀, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpótí ló ń fun páìpù, ìka kàn ń ṣí ọ̀nà fún un ni. Mo bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ìjọ fi ń mọ ibi tí wọ́n máa gbéra?" Ó ní kí n jókòó. Ó tẹ orin kan tí gbogbo wa mọ̀, ó so gbogbo nóòtì pọ̀ láìyọ ìka. Orin náà ń lọ gbọọrọ, etí mi ò rí ibi dì mú. Ó tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bó bá ti ku díẹ̀ kí bíìtì àkọ́kọ́ wọlé, ìka rẹ̀ á gbéra lórí nóòtì tó ṣáájú, á fi àyè bíńtín sílẹ̀, á wá tẹ̀. Orin náà gbé mi ní ìjókòó. Ariwo kò pọ̀ sí i rárá. Nóòtì tó ṣáájú ló kúrú.

Mo ń gbà á rò lọ sílé. Èmi tí mo ní èémí, tí mo lè mú ohùn ròkè tàbí kí n mú un wálẹ̀, ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú rẹ̀ ló ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ jù mí lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí > lórí nóòtì, èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ó lè kúrú? Ibo ni mo ti lè gé e tí gbólóhùn orin náà kò fi ní já? Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń ronú pé afẹ́fẹ́ mélòó ni màá fi kún un, kì í sì í pọ̀. Accent tó wà nínú orin tí wọ́n ní ká fun jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Nóòtì náà ga díẹ̀ ju àwọn tó yí i ká lọ ni. Kò ní kó fò kúrò láàárín wọn. Àwọn adarí kan kì í gba èyí gbọ́, àmọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, màá sì máa sọ ọ́.

Tí oṣù Kejìlá bá dé, a ò lè ṣe kí a má pàdé Handel. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló máa ń kọ díẹ̀ nínú Messiah, orin tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fáyé gbọ́ ní Dublin ní 1742. Nínú rẹ̀ ni orin tí akọrin ohùn bass àti trumpet kan máa ń jọ kọ, nípa fèrè ìkẹyìn tí yóò dún tí àwọn òkú yóò sì jí. Handel kọ síwájú rẹ̀ pé pomposo, ma non allegro: kó ní ọlá, kó má sì yára. Nóòtì tó ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ (èyí ń mú nóòtì gùn sí i, kì í ṣe kókó staccato), tí nóòtì kékeré kan ń tẹ̀ lé, ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń di nóòtì gígùn mú títí ó fi tán, wọ́n á wá fi nóòtì kékeré lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá wúwo, ọlá náà á sọnù.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n jẹ́ kí nóòtì gígùn náà tètè rọlẹ̀, kí ìdákẹ́ díẹ̀ jókòó síbi tí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà, kí nóòtì kékeré fúyẹ́, kó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Èyí tó kàn, tó bọ́ sórí bíìtì, á tẹnu mọ́ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi agbára kún un. Ìtàn gbè mí lẹ́yìn níbí. Láyé ìgbà yẹn, nóòtì tí kò ní àmì kankan kì í sábà so mọ́ra bí a ṣe ń so ó lónìí. Carl Philipp Emanuel Bach, olórin ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1753, lórí títẹ dùùrù, pé nóòtì tí kò ní àmì jíjá tàbí àmì síso, ìdajì iye rẹ̀ ni ká dì í mú. Nítorí náà, nóòtì jíjá tó jẹ́ ohun àrà ọ̀tọ̀ lójú tiwa ni wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ nígbà náà.

Mo tún ti fun fèrè nínú bándì tó ń lọ sóde àríyá, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì nìyẹn. Bàbá tó ń fun sasofóònù nínú bándì náà gbọ́ bí mo ṣe fun nóòtì kan tó ní àmì ^ lórí, ó yọ fèrè lẹ́nu, ó ní, "Ọ̀gá ṣọ́ọ̀ṣì, kúkúrú ni tiwa o." Nínú orin ọ̀kẹ́sítírà, ^ le ju > lọ, ṣùgbọ́n kò ní dandan pé kó kúrú. Nínú orin jazz àti highlife, ^ gbọ́dọ̀ le kó sì tún kúrú, "dáàt", tí ahọ́n á padà wá gé e gan-an. > Le, ṣùgbọ́n ó gùn tó iye rẹ̀, "dáà". Ohun tí mo ní kí ọmọ má ṣe nínú ilé Ọlọ́run, òun ni wọ́n ń béèrè lóde àríyá. Mi ò rí ìjà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà á mọ èyí tó máa lò. Fẹlá Aníkúlápó Kútì kọrin nínú bándì Victor Ọláìyá, olórin highlife, kó tó lọ London ní 1958, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ trumpet ní Trinity College of Music. Ilé méjèèjì ni òun náà gbé. Ẹ tẹ́tí sí àwọn fèrè inú orin rẹ̀ tó dé kẹ́yìn: gbólóhùn kúkúrú, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀. Gìtá àti ìlù ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró nísàlẹ̀. Bí fèrè bá fa nóòtì kan kọjá ibi tó yẹ, ó ti jókòó lé gìtá lórí, ijó á sì rọ.

Ibi tí à ń fun fèrè sí náà ń sọ bí staccato ṣe máa gùn tó. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí àjà rẹ̀ ga tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, ohùn máa ń rìn káàkiri nínú rẹ̀ kó tó kú. Níbẹ̀, kí nóòtì kúrú ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ, torí ilé náà á bá ọ fa ìyókù gùn. Lábẹ́ kánópì níbi òkú àgbà, ohùn tó bá jáde kò padà wá mọ́. Bí a bá gé e kúrú jù níbẹ̀, tákítákí lásán ni àwọn èèyàn máa gbọ́. Èyí tó tún máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà kì í dún bákan náà lọ́jọ́ Sátidé tí a bá ṣe ìdánrawò àti lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní Sátidé, ìjókòó ṣófo, igun gbogbo ń dáhùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gèlè, agbádá àti aṣọ òkè ti kún ibẹ̀, aṣọ máa ń mu ohùn. Mo máa ń kìlọ̀ fún wọn pé nóòtì tó dà bíi pé ó gùn jù ní Sátidé lè jẹ́ òun gan-an ló máa bá ọjọ́ Ìsinmi mu.

Ní ti ètè, ṣókí ni màá sọ. Fífi ẹnu fèrè tẹ ètè nítorí accent ń ba ètè jẹ́, ó sì ń pa ohùn òkè. Nígbà ọyẹ́, tí ètè bá ń gbẹ tó ń là, òrí dára fún un, àmọ́ lálẹ́ ni kí wọ́n fi í pa á. Bí wọ́n bá fi í pa á kété kí wọ́n tó fun fèrè, ẹnu fèrè á máa yọ̀. Bí ètè bá ti wú, kí wọ́n gbé fèrè sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tó ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni orin Yorùbá tiwa. Ọ̀pọ̀ orin tí à ń kọ nínú ìwé orin mímọ́, ohùn òkèèrè ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí. Thomas Ekundayo Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962, tí Fẹlá Ṣówándé sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ lórí bí orin ìjọsìn ṣe lè bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Iṣẹ́ ńlá ni, a ò sì tíì ṣe é tán. Àwa afunfèrè ní ìpín tiwa nínú rẹ̀ tí a kì í sábà rò.

Ẹ wo bí à ń ṣe sọ̀rọ̀. A kì í pe "rí iṣẹ́" tán, "ríṣẹ́" là ń pè. "Bí ọmọ" di "bímọ". Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa kì í ta kú sórí ìdúró. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ti sún mọ́ ọn, ó lè yọ́ lọ. Ohùn orin òkèèrè kò mọ èyí. Ó lè gbé "O" inú "Olúwa" lé bíìtì àkọ́kọ́, ibi tó lágbára jù nínú ìlà, kí "lú" tó ga lóhùn sì bọ́ sórí bíìtì tí kò lágbára. Akọrin lè fi ẹnu tún un ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí trumpet mẹ́ta bá wá tẹnu mọ́ "O" yẹn pẹ̀lú >, ohun tí ìjọ máa gbọ́ ni "Ó", ariwo, "luwa" á sì di ìdọ̀tí lẹ́yìn rẹ̀. Àdúrà di ìkígbe. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ.

Onílù wa ló tún sọ ọ́ fún mi lọ́nà mìíràn. Òun ló ń lu ìyáàlù nínú ìjọ, ilé àyàn ni wọ́n bí i sí. Lẹ́yìn ìdánrawò kan, ó fi kọ̀ǹgọ́ gbá ojú ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Fèrè yín ti bo ọ̀rọ̀ mọ́ ìlù lẹ́nu." Mo ní kó ṣàlàyé. Ó lu oríkì kúkúrú kan, ó ní kí n fun nóòtì gígùn tí mo ń fun tẹ́lẹ̀ lé e. Mo fun ún. Lóòótọ́, ohun tó wà lókè nínú ohùn ìlù náà ni mo gbọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rì sábẹ́ fèrè, gbólóhùn náà kò sì já sí nǹkan kan mọ́. Ó tún un lù, mo gé nóòtì mi sí staccato, mo sì fún ìdákẹ́ ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlù náà bọ́ sínú àyè tí mo fi sílẹ̀, ó mọ́ gaara. Ó ní, "Gúdúgúdú ò ṣe bẹ́ẹ̀ di mí lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí." Òótọ́ ni. Ohùn gúdúgúdú kúrú, ó mú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, kì í sì í gbé ohùn dání lé ìyáàlù lórí. Ẹgbẹ́ dùndún ti ń ṣe iṣẹ́ nóòtì jíjá yìí kí trumpet tó dé èbúté Èkó.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Kí n tó kọ àmì kankan sórí orin Yorùbá, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún èèyàn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé orin. Mo máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ sílébù tí mo bá fẹ́ kí fèrè gbé. Bí ìlà náà bá bọ́ sórí bíìtì tó lágbára, mo máa fi > sí i, mo sì máa fi kókó staccato sórí nóòtì tó ṣáájú rẹ̀ kí àyè lè wà. Bí bíìtì tó lágbára bá bọ́ sórí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀, bíi ti "Olúwa", mi ò ní fi accent síbẹ̀ rárá. Àmì tenuto, ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀ yẹn, ni màá fi sí i, kí fèrè gbé e lẹ́sọ̀ dé "lú". Níbi tí ìyáàlù bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, staccato ni gbogbo fèrè, tàbí kí wọ́n dákẹ́ pátápátá. Ìkórè ń bọ̀. Orin ìdúpẹ́ tí a fẹ́ kọ ní ẹsẹ mẹ́rin, mo sì ti yọ gbogbo accent tó wà nínú ẹsẹ kẹta kúrò, àfi méjì tó wà ní ìlà ìkẹyìn. Onílù ti wò ó, ó ní ìlà kejì ṣì gùn jù fún òun. A ó tún un gé ní Sátidé.